Omi Ọjọ́ Méje Nínú Àwokòtò Òkúta

"Shoe! Remove am!"

Ohùn Mummy Òkè lu ògiri olókùúta náà, ó sì tún padà wá bá wa. Òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dúró gbagidi. Ó wọ kóòtù, ó há fáìlì mọ́ abíyá, bàtà dúdú ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán, ó sì jọ pé ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti jágbe mọ́ ọn kẹ́yìn. Mummy Òkè wà lórí ìkúnlẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà, ó di búrọ́ọ̀ṣì mú, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ti ká sùtánà funfun rẹ̀ sókè so mọ́ ìbàdí. Kò tilẹ̀ dìde. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn ló nà sí bàtà ọkùnrin náà.

"This is house of God, no be bus stop. Remove am!"

Ọkùnrin náà wo èmi tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá mi, bíi pé kí n gba òun sílẹ̀. Mo gbójú kúrò. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ tó ti lu níbi àtàǹpàkò rìn kọjá lórí òkúta tútù. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo sì rò pé kò sẹ́ni tó lè borí Mummy Òkè láyé.

À ń gbé ní Thamesmead, ní London, nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé kọnkéré gàgàrà tí afẹ́fẹ́ odò máa ń fẹ́ gba àárín wọn kọjá. Ilé tiwa wà nísàlẹ̀, tirẹ̀ wà lókè, òun ni mo ṣe ń pè é ní Mummy Òkè, títí gbogbo ìjọ fi bá mi pè é bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹbí wa. Láàárọ̀ kùtù ló máa ń lọ nu ilẹ̀ ní bárékè àwọn ṣọ́jà ní Woolwich, á sì ti padà dé kí aago mẹ́wàá tó lù. Màámi ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó nílé wọn, títí kan ọjọ́ Sátidé, nítorí náà ọwọ́ Mummy Òkè ni mo máa ń wà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má rò pé ìyá àgbà oníwà tútù kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Mummy Òkè le. Ó máa ń bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì jà, ó máa ń bá àwọn ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní kọ́rídọ̀ jà, kódà ó máa ń bá àwọn ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn tó wà nínú adágún wa jà, torí pé wọ́n ń yàgbẹ́ sójú ọ̀nà.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń wí yìí kì í ṣe tiwa. A kàn ń háyà rẹ̀ ni, láti aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú títí di aago mẹ́fà. Òkúta wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun ni wọ́n fi mọ ọ́n, ògiri rẹ̀ sì nípọn débi pé tí mo bá na gbogbo apá mi sójú fèrèsé, ọwọ́ mi ò ní kan gíláàsì. Bọ́ọ̀sì ń kọjá níwájú rẹ̀, àwọn ilé kéékèèké tó so mọ́ra wọn yí i ká, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ṣọ́ọ̀ṣì lásán kan ni. Àmọ́ ó ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún tó ti dúró síbẹ̀. Bàbá kọ́kọ́rọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Bàbá kọ́kọ́rọ́ ni òyìnbó arúgbó tó máa ń ṣílẹ̀kùn fún Mummy Òkè ní gbogbo Sátidé. Ó wà lára àwọn mọ́kànlá tó kù nínú ìjọ àárọ̀, ìyẹn ìjọ àwọn òyìnbó tó ni ilé náà. Á gbé fúláàsì tíì àti bisikíìtì dání, á jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní nígbà tí wọ́n kọ́ ilé yẹn, abúlé ni gbogbo ibẹ̀. Ibi tí ilé wa wà ní Thamesmead, irà ni, àgùntàn àti ẹyẹ omi ló ń gbé e, tí odò bá sì kún, omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn darandaran, àwọn apẹja, àwọn tó ń mọ odi kí omi má baà gbé oko wọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèrìbọmi fún ọmọ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbéyàwó, ìta ibẹ̀ ni wọ́n sì sin wọ́n sí. Tí òrùlé bá ń jò, gbogbo abúlé á pọn ọtí, wọ́n á tà á fún ara wọn, wọ́n á wá fi èrè rẹ̀ tún òrùlé ṣe.

"Ọtí?" Mummy Òkè ké. "Inside church? Ha! Daddy, your people try o." Ó wá yíjú sí mi. "Harvest ni wọ́n ń ṣe yẹn, bíi tiwa náà. Ọtí yẹn ni mi ò fara mọ́."

Bó ṣe máa ń fọ ilé náà kì í yí padà. A ó kọ́kọ́ bọ́ bàtà, torí pé nínú ìjọ tiwa, kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run, òkúta ibẹ̀ sì tutù débi pé ẹsẹ̀ mi máa ń kú. Á fi ṣíbí onígi ha àbẹ́là tó ti yọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kì í fi ọ̀bẹ ha á rárá. Kì í lo mọ́ọ̀pù; ó ní mọ́ọ̀pù kàn ń mú ìdọ̀tí rìn kiri ni. Búrọ́ọ̀ṣì àti orúnkún ló fi ń ṣe é. Òkú wà lábẹ́ àwọn òkúta kan nínú ilẹ̀ yẹn, orúkọ wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Tó bá dé ibẹ̀, á rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú o, mo fẹ́ nu ojú yín." Òórùn Dẹ́tọ́ọ̀lù, àbẹ́là, tùràrí àti eruku àtijọ́ á wá dàpọ̀, mo sì fẹ́ràn òórùn yẹn ju ti ilé wa lọ.

Pátákó kan wà lára ògiri tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo àlùfáà tó ti sìn níbẹ̀ sí, láti ìgbà láéláé. Lọ́jọ́ kan tó ń nù ún, ó bi bàbá kọ́kọ́rọ́ pé pátákó àwọn tó ń gbálẹ̀ ńkọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "All these years, nobody sweep?" Bàbá da tíì fún un.

Ohun tó máa ń fọ̀ kẹ́yìn ni àwokòtò òkúta tí wọ́n fi ń ṣèrìbọmi. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ òkúta kúkúrú nítòsí ilẹ̀kùn, ó fẹ̀ débi pé ọmọ ọwọ́ lè jókòó sínú rẹ̀, ihò kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ tí omi ń gbà jáde. Bàbá kọ́kọ́rọ́ ní òun ló dàgbà jù nínú ilé náà, pé ó ṣeé ṣe kó dàgbà ju ògiri pàápàá lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún bàbá náà fúnra rẹ̀. Mummy Òkè kì í fi ọṣẹ kàn án. Omi lásán àti aṣọ òwú ló fi ń nù ún.

Wòlíì ìjọ wa ló ríran. Oṣù kìíní ọdún ni, òtútù ń mú bí ohun tó fẹ́ pààyàn, ẹ̀rọ tó ń mú ṣọ́ọ̀ṣì gbóná sì ti bàjẹ́ láti ìgbà Kérésì. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé náà kàn ń kọ lẹ́tà síra wọn ni, wọn ò tún un ṣe. Lẹ́yìn ìsìn, Wòlíì kó àwa díẹ̀ jọ sí yàrá ẹ̀yìn: èmi, màámi, Mummy Òkè, àti àwọn mélòó kan tí ìwé ìgbélùú wọn, bíi tiwa, ò tíì jáde. Ó ní ẹ̀mí fi hàn òun pé ká gbé omi kalẹ̀ fún ọjọ́ méje nínú àwokòtò òkúta yẹn, torí pé àdúrà àìmọye èèyàn ti wà lára rẹ̀, ká sì kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń retí ìwé, ká tò wọ́n yí i ká.

"Wòlíì, omi àdúrà, inú keg la máa ń gbé e sí," Mummy Òkè fèsì. "Nǹkan yẹn ti gbó. A ò dẹ̀ tíì gba permission lọ́wọ́ àwọn tó ni ín."

"Mummy, ṣé ẹ̀yin lẹ ríran ni àbí èmi?"

Mummy Òkè ò dákẹ́. "Ẹ̀yin lẹ ríran, sà. Èmi ni mo dẹ̀ ń fọ ibẹ̀."

Màámi ló wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú ọmọ yìí. Lawyer ti ní it's not looking good. Ẹ bá wa pọn ọ́n." Mummy Òkè ní kó dìde. Lójú wa níbẹ̀, ó ki aṣọ bọ ihò ìsàlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi láti ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn òmíràn, láìwọ bàtà. Wòlíì dúró tì í, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ń ka Sáàmù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni adágún Thamesmead dì. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń rìn lójú rẹ̀, wọ́n ń yọ̀, àwa ọmọdé ń fi wọ́n ṣẹlẹ́yà lórí afárá. Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá kọ́kọ́rọ́ ti ṣílẹ̀kùn kí a tó dé. Ó dúró sí ìdí àwokòtò náà, ó ti ṣí fìlà. Omi ti di yìnyín, ó ti wú kọjá etí, òkúta náà sì ti là láti ètè rẹ̀ títí dé ẹsẹ̀. Ojú ibi tó là funfun bí ibi tí eyín ṣẹ́ sí.

Ohun tí Mummy Òkè kọ́kọ́ ṣe ni mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Kò sunkún, kò ṣàlàyé. Ó ṣa àwọn ìwé orúkọ yẹn nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi ṣa gbogbo wọn tán, ó ká wọn, ó sì kì wọ́n bọ àyà. Orúkọ àwọn tí kò níwèé ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí wọn àti àdírẹ́sì wọn. Bàbá kọ́kọ́rọ́ yíjú sí ògiri títí ó fi ṣe é tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni Mummy Òkè tó fọwọ́ kan ojú ibi tó là.

"Omi?" ló bi mí. "Omi lásán ló ṣe èyí?"

Níbi tó dàgbà sí, omi lè wà nínú ìkòkò láti ọdún dé ọdún, kò ní bá ìkòkò jà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti wà ní London, ó ti rí yìnyín lójú títì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé omi tó bá dì nínú nǹkan á máa wú, á sì fọ́ ohun tó gbé e. Èmi mọ̀. Wọ́n ti kọ́ wa nílé ìwé, wọ́n tilẹ̀ fi ìgò tó fọ́ hàn wá. Kò kàn wá sí mi lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ inú ilé ìwé lè dé inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n pe ìpàdé. Ọkùnrin onífáìlì ọjọ́sí ni alága ìgbìmọ̀ náà. Ó jókòó níwájú pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì bi wá pé ta ló rọ omi sínú ohun àtijọ́ náà. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ tó bàjẹ́ láti Kérésì, a ò sì rí ẹni tó láyà láti bi í. Ó ní tí ìjọ bá mọ̀ nípa rẹ̀, kí ìjọ kó ẹrù wọn.

Wòlíì dìde. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já geere lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ìjọ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, pé obìnrin kan tó máa ń wá gbálẹ̀ ló dá a ṣe, "an elderly cleaner, very stubborn," pé kì í tilẹ̀ ṣe òṣìṣẹ́ ìjọ. Gbogbo wa la gbọ́. Àwọn tó ti jẹ oúnjẹ rẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè wà níbẹ̀, àwọn tó ti bá gbé ọmọ pọ̀n lẹ́yìn ìbímọ wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Mo lanu. Màámi ki èékánná bọ itan mi lábẹ́ tábìlì, ó fún un pinpin, ojú rẹ̀ sì wà níwájú bíi pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mummy Òkè rí wa. Ó wo màámi, ó wò mí, ó sì dìde.

"Na me," ó ní. "I put am. Me alone."

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ inú ilé náà mọ́, Wòlíì sì fọwọ́ sí ìwé náà lórúkọ ìjọ. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn débi pé mo bì sílẹ̀ ní ibùdókọ̀, màámi sì sọ fún àwọn èèyàn pé oúnjẹ ló dà mí láàmú.

Ìwé wa jáde kí ọdún yẹn tó parí. Màámi ṣe ìdúpẹ́. A jó láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ, mo wọ aṣọ tuntun, a jó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwokòtò tí wọ́n ti fi irin dè láti mú un dúró. Wòlíì ní ẹ ò rí i pé ìran òun ṣẹ. Àwọn èèyàn ké halelúyà. Mo jó, ẹ gbọ́ mi dáadáa, èmi náà jó. Mummy Òkè wà nílé, ó ń se ẹ̀wà.

Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn. Ìwé tí wọ́n kọ ní inú ilé ni kó má tẹ̀, kò sọ̀rọ̀ nípa ìta. Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, á wọ sùtánà rẹ̀, á gbé ìgbálẹ̀ dání, á wọ bọ́ọ̀sì, á sì gbálẹ̀ ojú ọ̀nà tó lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Á tu koríko lórí sàréè àwọn tí kò mọ̀ rí. Bàbá kọ́kọ́rọ́ á gbé tíì jáde wá bá a, wọ́n á dúró sí abẹ́ igi nínú òjò, wọ́n á jọ mu ún. Màámi ò jẹ́ kí n tẹ̀ lé e mọ́. Ojú ń tì í ni. Tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ Mummy Òkè lórí àtẹ̀gùn, á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí yóò fi kọjá. Mo máa ń yọ́ gòkè lọ bá a nígbà tí màámi bá wà níbi iṣẹ́.

Mo ti tó ọmọ ọdún méjìlá kí n tó bi í pé, "Mummy, ṣé ẹ ti forgive wọn?"

Ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. "Rárá o. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó bá mi ṣe é. Kò tíì dá mi lóhùn."

"Àti màámi ńkọ́?"

"Ìyá ẹ, ẹ̀rù ló bà á. Ìyẹn yàtọ̀." Ó da òkúta inú ẹ̀wà sọ́wọ́ òsì. "Àmọ́ ó dùn mí. Mi ò ní purọ́ fún ẹ."

Oṣù kọkànlá tó kọjá ló kú, ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni ìyá àwọn máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù, ibẹ̀ ni káwọn ti ṣe ìsìn ìkẹyìn fún un. Bàbá kọ́kọ́rọ́ ti kú, ọkùnrin onífáìlì ti kó kúrò lágbègbè náà. Èmi ni mo lọ bá obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì wọn báyìí, mo sì bi í bóyá ìwé tí wọ́n fi lé Mummy Òkè á dí wa lọ́wọ́. Ó wo inú àpótí ìwé, ó wo kọ̀ǹpútà. Kò rí nǹkan kan. Ó ní kò sí ẹni tí wọ́n lé rí. Ìyá arúgbó dúró nínú òjò fún ohun tó lé lógún ọdún nítorí ìwé tí wọ́n ti sọ nù, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó rò ó pé ká lọ béèrè.

Nínú pósí ló tó tún wọ ẹnu ilẹ̀kùn yẹn. Wòlíì, tó ti di àgbà òjíṣẹ́ tí wọ́n ń wá ìjókòó pàtàkì fún, ló wàásù. Ó ní òpó ni Mummy nínú ìjọ wa. Ó ní ìyá àdúrà ni. Ó fi áńkáṣíìfù nu ojú, mo sì rí i pé omijé gidi ni, ìyẹn ló wá bí mi nínú jù. Mo dìde.

"Ẹ̀yin lẹ ní kó pọn omi yẹn," mo ní. "Mo wà níbẹ̀. Ó sọ fún yín pé kò dáa. Ẹ dẹ̀ dìde níwájú àwọn òyìnbó, ẹ ní ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Ọmọ mi, ìsìnkú la wá ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi respect fún òkú."

"Òkú yìí gan-an ni mò ń fi respect fún, sà. Ẹ sọ òótọ́ níwájú rẹ̀, kí ẹ tó jókòó."

Kò sọ ọ́. Ìyá kan lẹ́yìn ní, "Òótọ́ lọmọ yìí ń sọ." Ẹnì kan dá orin, gbogbo wọn gbè é, wọ́n kọ ọ́ sókè gan-an, títí mo fi jókòó.

Nínú bọ́ọ̀sì tí à ń bọ̀ nílé, màámi di báàgì rẹ̀ mú sórí itan. "Èmi ló yẹ kí n sọ ọ́," ó ní. Mo mọ ohun tí ọmọ rere máa ń sọ nírú àkókò yẹn, pé ẹ má da ara yín láàmú, mà, ó ti kọjá. Mi ò sọ ọ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." A sọ̀kalẹ̀, mo sì gbé báàgì náà fún un, torí àtẹ̀gùn ti ń ni ín lára.

Lẹ́nu iṣẹ́ mi báyìí, tí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù, tí wọ́n sì ti ń wo ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù nínú yàrá, mo máa ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní mo ní ìbínú jù. Mo ní in lóòótọ́, ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni mo ti rí i, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ ìsìnkú, àwọn èèyàn ń pè mí lórí fóònù, wọ́n ní mo láyà. Irọ́ ni. Ó lé lógún ọdún tí ìyá yẹn fi ń gbálẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí mo lè lọ dúró sáàárín ìjọ lọ́jọ́ Àìkú èyíkéyìí, kí n sọ ọ́, kí n sì lọ sọ fún un pé mo ti sọ ọ́. Mo dúró títí kò fi lè gbọ́ mọ́.